Èèpo magasíìnì orin wo ló yẹ kí ẹ tú palẹ̀? Ìfiwéra Q, NME, Kerrang!, Rolling Stone àti Vibe

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn láti máa fún akẹ́kọ̀ọ́, ì báà jẹ́ ní kíláàsì Media Studies nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ì báà jẹ́ ní ẹ̀ka Mass Communication àti ti gíráfíìkì ní àwọn pólì àti yunifásítì wa: ẹ mú èèpo iwájú magasíìnì orin kan, ẹ tú u palẹ̀, ẹ sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré mú èèpo tí olórin tí wọ́n fẹ́ràn wà lójú rẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀, ojú ìwé mẹ́ta ti kún fún ìtàn ìgbésí ayé olórin, wọn ò sì tíì sọ nǹkan kan nípa èèpo.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó yan ni pé ọjà ni èèpo ń bá wọn tà. Ibi tí wọ́n ti ń tà á, ẹni tí wọ́n ń tà á fún, àti iye tí wọ́n ń tà á ló ń pàṣẹ fún gbogbo nǹkan tó wà lójú rẹ̀, láti orí àwòrán títí dé báákóòdù. Èèpo tí ẹ bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí lórí rẹ̀ ni yóò fún yín ní ọ̀rọ̀ sọ. Èyí tí ẹ kò bá lè dáhùn wọn lórí rẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó, ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni owó àti àrọ́wọ́tó. Àwòrán kékeré tí ẹ rí lórí Google kò tó. Èyí tí ẹ nílò ni èyí tí ẹ ti lè ka lẹ́tà tó kéré jù lọ: déètì, iye owó, nọ́ńbà ẹ̀dà, gbólóhùn kékeré tó máa ń wà nítòsí orúkọ ìwé. Ìkejì ni ẹ̀rí. Ǹjẹ́ ó wà ní àkọsílẹ̀ ẹni tó ya fọ́tò náà, ìgbà tó yà á, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà? Níbi tí ẹ̀rí kò bá sí, àbá ni ẹ ó máa dá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìkẹta, ṣé nǹkan pọ̀ tó lójú rẹ̀ fún gígùn iṣẹ́ tí wọ́n fún yín? Ìkẹrin ni ohun tó tẹ̀ lé e, nítorí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń ní kí ẹ ṣe èèpo tiyín lẹ́yìn ìtúpalẹ̀. Èèpo tó dára fún ìtúpalẹ̀ lè má dára fún àwòkọ́ṣe rárá.

Ìdánwò kan tún wà tí mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe fún èèpo yòówù tí ẹ bá dojú kọ. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ìwé ìròyìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sábà máa ń to magasíìnì débi pé ọ̀kan á bo ara ìkejì, apá òsì nìkan ló sì máa ń yọ síta. Àwọn tó ń ṣe ètò èèpo mọ èyí dáadáa. Nítorí náà, ẹ mú bébà funfun kan, ẹ fi bo ìdá méjì nínú mẹ́ta èèpo náà láti apá ọ̀tún. Kí ló ṣẹ́ kù? Ṣé a ṣì lè mọ orúkọ magasíìnì náà? Ṣé orúkọ olórin kankan ṣì hàn ketekete? Ẹni tó bá dáhùn èyí dáadáa ti rí ìpínrọ̀ méjì kọ.

Q: èyí tó yé èèyàn kíákíá jù

Mark Ellen àti David Hepworth ló dá Q sílẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1986, Paul McCartney ló sì wà lójú èèpo. Ìgbà tí síídì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde ni, tí àwọn àgbàlagbà tówó wà lọ́wọ́ wọn ń padà lọ ra àwọn orin tí wọ́n ti ní lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀. Cue ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ pè é, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé àwọn èèyàn lè rò pé ìwé ìròyìn snooker ni, nítorí orúkọ yẹn náà ni ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù snooker ń jẹ́. Ni wọ́n bá gé e kù sí lẹ́tà kan ṣoṣo.

Lẹ́tà yẹn, funfun nínú àpótí pupa ní igun òsì lókè, ni mo kà sí ìpinnu tó gbọ́n jù nínú gbogbo èèpo tí a ń fi wéra yìí. Ẹ ṣe ìdánwò bébà wò: odindi orúkọ magasíìnì náà ṣì wà níta. Rolling Stone tàbí Kerrang! tí orúkọ wọn nà láti òsì dé ọ̀tún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo ohun tó ṣe fún fọ́tò. Níbi tí orúkọ bá gùn, orí olórin gbọ́dọ̀ bo lẹ́tà díẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n fà á wálẹ̀. Pẹ̀lú Q, orí lè ga dé òkè, kò sì ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Pupa inú àpótí yẹn ni wọ́n sì sábà máa ń tún lò nínú àwọn gbólóhùn tó wà lápá ìsàlẹ̀, kí ojú òǹkàwé lè tọ̀ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀.

Ní ti owó, Q kò nira. Oṣù Keje ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé ó ti parí, nígbà tí ọjà magasíìnì ti ń lọ sílẹ̀ tí àrùn Kòrónà sì tún wá dá kún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó ti jáde lé ní 400, nítorí náà àlòkù rẹ̀ pọ̀ lórí eBay àti ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù fún iṣẹ́ àánú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn tàbí Oṣogbo ni kó ṣọ́ra, nítorí owó tí wọ́n á fi fi í ránṣẹ́ lè ju owó ìwé náà lọ. Àléébù Q ni pé ó ń pa òfin mọ́ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú rẹ̀ mú lè sọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tán kó tó dé ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

NME: ẹ mú méjì, ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn

New Musical Express bẹ̀rẹ̀ ní 1952, òun ló sì tẹ àtòjọ orin tó ń tà jù jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, owó ni àwọn èèyàn fi ń rà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2015, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Rihanna ló wà lójú èèpo ẹ̀dà ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ń pín nǹkan bí 300,000 ẹ̀dà ní ibùdókọ̀ ojú irin, ní yunifásítì àti ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kan.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ẹ wá èèpo NME kan láti nǹkan bí 2010, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti 2016. Lójú ti ìṣáájú, ẹ ó rí orúkọ olórin lóríṣiríṣi ní ẹ̀bá, àmì ìyanu, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fà jáde lẹ́nu olórin tí wọ́n sì kọ gàdàgbà sí àyà rẹ̀. Lójú ti ìkejì, fọ́tò ńlá kan ló gba ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ò sì pọ̀. Ọwọ́ kan náà, orúkọ kan náà. Kí ló dé?

Ẹni tó fẹ́ sanwó gbọ́dọ̀ rí olórin tirẹ̀ kó tó tọwọ́ bàpò. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi pọ̀ ní ẹ̀bá: bí ẹ kò bá fẹ́ràn ẹni tó wà nínú fọ́tò, ó ṣeé ṣe kí ẹ fẹ́ràn ẹnì kan nínú àwọn tó kù. Ẹni tí wọ́n ń fi ìwé lé lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa bẹ̀ ẹ́. Olùpolówó ọjà ló wá ń sanwó, ohun tí òun sì ń wá ni ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí yóò gba ìwé náà. Bí ojú tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe gba èèpo nìyẹn, tí àwọn òṣèré fíìmù pàápàá fi ń yọ lójú magasíìnì tó jẹ́ ti orin látilẹ̀wá. Oṣù Kẹta 2018 ni wọ́n dáwọ́ ẹ̀dà ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dúró. Ní 2023, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ lórí bébà ní oṣù méjì-méjì.

Nínú gbogbo èyí tí mo dárúkọ, kò sí èyí tó fi hàn kedere bíi NME pé owó ló ń tọ́ ọwọ́ ẹni tó ń ṣe ètò èèpo sọ́nà. Àwọn ẹ̀dà ọ̀fẹ́ pọ̀ débi pé wọn kì í wọ́n. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé èèpo kan ṣoṣo kò lè sọ ìtàn yìí. Bí olùkọ́ yín bá ní kí ẹ mú ẹyọ kan péré, NME á dín kù sí èèpo lásán.

Kerrang!, ní ṣókí

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 1981 ló kọ́kọ́ jáde, gẹ́gẹ́ bí àfikún ìwé ìròyìn Sounds. Geoff Barton ni olóòtú rẹ̀, Angus Young, onígìtá ẹgbẹ́ olórin AC/DC, ló wà lójú èèpo. Orin rọ́ọ̀kì líle ló ń kọ nípa rẹ̀. Ìró gìtá olóhùn líle ni orúkọ rẹ̀ ń dún bí, wọ́n sì ya lẹ́tà orúkọ náà bíi gíláàsì tó fọ́. Èèpo rẹ̀ máa ń kún fọ́fọ́: fọ́tò kéékèèké, pósítà ọ̀fẹ́, lẹ́tà tó dagun, àwọ̀ tó ń pariwo. Ẹni tí kò bá gbọ́ irú orin yẹn rí lè wo èèpo náà kó mọ bó ṣe ń dún. Ó dára fún iṣẹ́ tó dá lórí bí irú orin ṣe ń hàn nínú ètò ojú ìwé. Àmọ́ kó má ṣe jẹ́ àwòkọ́ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gíráfíìkì, nítorí ìkúnfọ́fọ́ yẹn ní ètò lábẹ́nú, ẹni tí kò bá sì mọ ètò náà, jàgídíjàgan ni yóò ṣe.

Rolling Stone, ọjọ́ 22 oṣù Kìíní 1981

Níbí, èèpo kan pàtó ni mo ń sọ, kì í ṣe magasíìnì lápapọ̀. San Francisco ni Rolling Stone ti bẹ̀rẹ̀ ní 1967, Rick Griffin tó ń ya pósítà orin nílùú náà ló ya lẹ́tà orúkọ rẹ̀. Lójú èèpo ẹ̀dà àkọ́kọ́, John Lennon ti ẹgbẹ́ olórin Beatles ni, nínú aṣọ sójà tó wọ̀ nínú fíìmù kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá ó tún padà sójú èèpo náà, ó sì ti kú.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1980, Annie Leibovitz lọ ya fọ́tò rẹ̀ nílé rẹ̀ nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Dakota, ní New York. Lennon nìkan ni ìwé náà ń fẹ́. Ó kọ̀, ó ní Yoko Ono ìyàwó òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nínú èyí tó jáde, Lennon wà ní ìhòòhò goloto, ó ká ẹsẹ̀ kò bí ọmọ inú oyún, ó dì mọ́ Yoko, ó ń fẹnu ko ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Yoko wọ aṣọ dúdú àti jíǹsì, irun rẹ̀ tàn sílẹ̀. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n yìnbọn pa Lennon lẹ́nu ọ̀nà ilé kan náà.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú fọ́tò yẹn. Wọn kò kọ gbólóhùn kankan sí i. Kò sí orúkọ Lennon, kò sí "ó dìgbóṣe", kò sí orúkọ olórin mìíràn ní ẹ̀bá. Ìròyìn ikú náà ti dé etí gbogbo èèyàn ṣáájú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n tún fẹ́ fi kún un? Ojú ni kí ẹ tún wò. Lójú ọ̀pọ̀ èèpo, olórin máa ń wo ẹni tó ń kọjá lọ sójú kòrókòró, nítorí ojú ló ń dá èèyàn dúró. Níbí, Lennon dijú, Yoko ń wo ibòmíràn. Kò sẹ́ni tó pè wá. Bí ẹni pé a já lu àwọn tọkọtaya nínú yàrá wọn ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wo aṣọ. Obìnrin ni wọ́n sábà máa ń bọ́ láṣọ lójú magasíìnì. Níbí, ọkùnrin tí ayé mọ̀ jù ló wà ní ìhòòhò tó sì ń rọ̀ mọ́ aya rẹ̀, obìnrin ló wọṣọ tó sì fara balẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí akọ àti abo nínú ìròyìn kò ní rí èyí tó ju èyí lọ.

Ẹ̀rí rẹ̀ kún ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. A mọ ayàwòrán, ọjọ́, ilé, àríyànjiyàn tó wáyé kí wọ́n tó yà á. Ní 2005, ẹgbẹ́ àwọn olóòtú magasíìnì Amẹ́ríkà yàn án ní èèpo tó dára jù lọ láàárín ogójì ọdún. Kò sì ná yín ní nǹkan kan láti rí àwòrán tó mọ́, nítorí lẹ́tà kéékèèké kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ tí ẹ ó máa wá bí ẹ ó ṣe kà.

Síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yín kí ẹ tó mú un, nítorí ìhòòhò inú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa, ọ̀rọ̀ lè ti ibẹ̀ yọ. Kí ẹ má sì fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹ̀rù tí orúkọ Lennon rù ló jẹ́ kí èèpo náà lè dákẹ́. Akọrin tuntun tí ẹ bá gbé sójú èèpo láìkọ orúkọ rẹ̀, ta ni yóò mọ̀ ọ́n?

Vibe, oṣù Kejì 1994

Quincy Jones, gbajúmọ̀ olùṣe àwo orin ní Amẹ́ríkà, ló gbé Vibe kalẹ̀ pẹ̀lú iléeṣẹ́ Time. Ẹ̀dà àyẹ̀wò jáde ní 1992, ó sì gbéra gan-an ní oṣù Kẹsàn-án 1993 pẹ̀lú Snoop Dogg lójú èèpo. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni ti Tupac Shakur, olórin ráàpù. Wọ́n wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù tí wọ́n fi ń di ọwọ́ alárùn ọpọlọ mọ́ra, wọ́n sì kọ ìbéèrè síbẹ̀: ṣé wèrè ni Tupac ni, àbí ayé kàn ṣì í gbọ́ ni?

Ní ìparí 1993, ẹjọ́ ìbọn yíyìn ní Atlanta àti ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ ní New York ti gbé orúkọ rẹ̀ kiri gbogbo ìwé ìròyìn. Nítorí náà, òǹkàwé ti ní èrò lórí rẹ̀ kó tó dé ibi àtẹ. Kí ni èèpo náà wá ṣe? Ọ̀nà méjì péré ló là sílẹ̀: wèrè, tàbí ẹni tí a ṣì gbọ́. Kò sí ìkẹta. Kò sí àyè fún ọ̀dọ́kùnrin tó mọ ohun tó ń ṣe, tó sì lè jíhìn fún un. Àwòrán náà sì ti ń dáhùn kí a tó ka ìbéèrè, nítorí ẹ̀wù ti wà lọ́rùn rẹ̀. Mo rò pé ó lágbára, mo sì rò pé ó léwu. Kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì tì wọ́n lẹ́yìn pẹ̀lú ohun tí ojú yín rí. Ẹ má gbàgbé pé ìwé tí ọmọ aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀, tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ń rà, ló ṣe èyí. Ìyẹn sọ ọ̀rọ̀ náà di líle ju kí a kàn ní àwọn òyìnbó ló ń bà wá lórúkọ jẹ́.

Ọmọ Yorùbá tó ń dàgbà ní Peckham tàbí Houston mọ bí wọ́n ṣe ń wo ọmọkùnrin dúdú lójú pópó. Èèpo yìí á fún un ní ọ̀rọ̀ tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Vibe sì wà lórí Google Books lọ́fẹ̀ẹ́, láti èèpo iwájú dé ti ẹ̀yìn, dátà nìkan ni ẹ ó ná. Nínú odindi ìwé, ẹ lè wo ìpolówó ọjà tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ fi mọ ẹni tí wọ́n rò pé ó ń kà á, èyí tí àwòrán èèpo nìkan kò lè sọ.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ní kó ṣe èèpo tirẹ̀ lẹ́yìn náà, Q ni kó mú. Òfin rẹ̀ hàn, ó sì ṣeé tẹ̀ lé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà èyíkéyìí.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi èèpo méjì wéra, ẹ má wulẹ̀ wá kiri, NME olówó àti NME ọ̀fẹ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà ní London lè gba káàdì òǹkàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní British Library ní St Pancras, nítorí òfin ní kí àwọn atẹ̀wé máa fi ẹ̀dà gbogbo ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gùn, tó nílò ẹ̀rí tó dúró, kó mú Rolling Stone ti 1981. Ẹni tí kò lówó, tó wà nílé, tó sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwòrán èèyàn dúdú, kó mú Vibe. Bí ẹ bá sì béèrè èwo ni èmi yóò mú nínú gbogbo wọn, Vibe ni, nítorí àríyànjiyàn inú rẹ̀ kò tíì parí. Kerrang! wà fún ẹni tó gbọ́ orin náà dénú.

Àwọn kan á béèrè pé àwọn ará ilé wa ńkọ́. Tiwa Savage, Davido àti Mr Eazi jọ wà lójú èèpo Billboard ní 2019, ó sì yẹ fún ìtúpalẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi gbé èèyàn mẹ́ta dípò ẹyọ kan: àwọn oníṣòwò orin ló ń ka Billboard, odindi ọjà tuntun ni wọ́n sì ń fi hàn wọ́n. Hip Hop World tí Ayo Animashaun dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1995, tí àmì ẹ̀yẹ Headies ti ara rẹ̀ jáde, ni mo tilẹ̀ fẹ́ kí ẹnì kan gbé lé ọwọ́, nítorí ìwọ̀nba ni ohun tí a ti kọ lórí ètò ojú rẹ̀. Àtirí ẹ̀dà rẹ̀ ni ìṣòro. Bí bọ̀ọ̀dá tàbí àǹtí kan nínú ẹbí bá ṣì ní i nínú àpótí, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá yín. Ẹ ya fọ́tò èèpo náà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, láìlo fíláàṣì. Ẹ ṣí i sí ojú ewé tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wà, kí ẹ da orúkọ ayàwòrán àti ti ẹni tó ṣe ètò ojú ìwé kọ, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà àti iye tí wọ́n tà á, kí ẹ tó dá a padà fún wọn.